Òbí Tí Kì Í Wá sí Ìpàdé

"Òbí rẹ̀ ò rí tiẹ̀ rò." Láti ìgbà tí mo ti di olùkọ́ títí di ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, kò sí yàrá olùkọ́ tí mo wọ̀ tí n kò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá: òbí rẹ̀ ò rí tiẹ̀ rò. Bọ́tìnnì já lára aṣọ ọmọ, kò sẹ́ni tó bá a rán an padà: òbí rẹ̀ ò rí tiẹ̀ rò. Bí a bá wá pe ìpàdé òbí àti olùkọ́, tí àga ṣófo lọ rẹrẹẹrẹ, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Àwọn tó wá ni òbí gidi. Àwọn tí kò wá ti di ẹrù ọmọ lé wa lórí, wọ́n ti bá tiwọn lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Àgùdà ni mo ti ṣiṣẹ́, láàárín Ògbà sí Agége, níbi tí òórùn ilé iṣẹ́ àti òórùn búrẹ́dì gbígbóná ti jọ ń bá èèyàn wọlé ní ìdájí. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ ọ̀gá àgbà níbẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo rí. Òbí tó ń sá kiri jù lọ nítorí ọmọ ni kì í ráyè wá sí ìpàdé. Ẹni tó lè jókòó fún wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ iṣẹ́ láti gbọ́ ìròyìn akápò, ẹ wò ó dáadáa: ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, tàbí kó jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́, tàbí kó ní ẹni tó ń bá a gbọ́ bùkátà. Àwọn yòókù wà lẹ́nu ẹ̀rọ. N kò bú àwọn tó ń wá o. Àwọn ló ra àga tí a jókòó lé. Ṣùgbọ́n bí ilé ẹ̀kọ́ bá ń fi ìpàdé wọn ìfẹ́ òbí sí ọmọ, ohun tó ń wọ̀n gan-an ni irú iṣẹ́ tí òbí ń ṣe.

Ẹni tí kò mọ ilẹ̀ yìí lè rò pé mo ń bù mọ́ ọn. Nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn la ilẹ̀ ilé iṣẹ́ sí Ìkẹjà ní ìparí àwọn ọdún 1950, Ìkẹjà kò tíì bọ́ sábẹ́ Èkó. Láti Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ṣàkóso rẹ̀, àfi ìgbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967. Dunlop wá, Guinness wá, Cadbury tẹ̀dó sí Àgídìńgbì. Ilé iṣẹ́ aṣọ, ilé iṣẹ́ ọ̀dà àti ti oúnjẹ tò tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà Ọba Akran, wọ́n sì ń tàn ká dé Ògbà àti Orégùn. Agége ní tirẹ̀ ti wà tipẹ́. Oko kòkó àti oko obì ni, ọkọ̀ ojúirin sì ti ń gba ibẹ̀ kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Àwọn Hausa tó ń ta obì ti kọ́lé síbẹ̀ kí ilé iṣẹ́ kankan tó fọn fèrè. Nígbà tí iṣẹ́ dé, ibẹ̀ ni ilé ti rọjú. Ìkẹjà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, Agége ni wọ́n ti ń sùn.

Àwa Àgùdà tòkè yìí kò sì jọ àwọn ti Erékùṣù Èkó. Àwọn ti Pópó Àgùdà, láti Brazil ni àwọn baba ńlá wọn ti padà dé. Wọ́n ti ń kó ara wọn jọ gbàdúrà lábẹ́ bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Pa Antonio kí fadá tó dé bá wọn. Fadá Borghero ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ Èkó wò ní 1863 ni, ó sì di 1868 kí àwọn fadá tó wá fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ níbẹ̀ láyé ọjọ́sí, ilé ẹ̀kọ́ ìyá ìyá rẹ̀ ló ń lọ. Bó bá hùwàkiwà ní ọ̀sán, ìròyìn á ti ṣáájú rẹ̀ délé. Àwa ní tiwa, báàgì la gbé dé. Lọ́jọ́ Ìsinmi ní St. Leo's tó wà ní òpópónà Toyin, tàbí ní èyíkéyìí nínú àwọn ìjọ tó tẹ̀lé e títí dé Agége, ẹ ó bá Ìgbò, Ìshan, Urhobo, Tiv, Ègùn láti Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́, pẹ̀lú Yorùbá láti Ìjẹ̀bú títí dé Èkìtì. Gbogbo wọn ní ìyá àgbà, ṣùgbọ́n ìyá àgbà wà nílé, ilé sì jìnnà. Ẹni tó yẹ kó máa ṣílẹ̀kùn fún ọmọ ní aago méjì ọ̀sán wà ní Uromi, tàbí ní Ìkẹ́rẹ́.

Wọ́n sì fẹ́ràn láti máa pa òwe fún wa pé ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Póòpù Francis náà fi irú rẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, nígbà tó ń ké sí gbogbo ayé láti fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí ẹ̀kọ́: ó ní òwe àwọn ará Áfíríkà ni pé odidi abúlé ní í tọ́ ọmọ. Ọ̀rọ̀ Bàbá dára. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wá bá mi ka igba ènìyàn náà ní Oko Ọba, ní Agége, ní aago mẹ́ta ọ̀sán, nínú ilé alábàágbé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí àgádágodo kọ́ sí ẹnu gbogbo ilẹ̀kùn.

Mo ti sọ pé àwọn òbí wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Kì í ṣe bó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bàbá tó bá ń ṣe iṣẹ́ ní Dunlop, òṣìṣẹ́ Dunlop ni. Ó ní káàdì, ó ní ìsinmi ọdọọdún, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó lè sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun ń lọ wo ọmọ òun nílé ìwé, kí ọ̀gá náà sì ní kó máa bọ̀ láìpẹ́. Mo rí wọn tí wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́ wá sí ìdíje eré ìdárayá wa, tí wọ́n ń pariwo ju àwọn ọmọ lọ. Dunlop ṣíwọ́ àtiṣe táyà ní 2008. Àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ti ṣáájú wọn kógbá wọlé, nítorí iná tí kò dúró, dísẹ́ẹ̀lì tó ń wọ́n sí i, àti ọjà òkèèrè tó kún ìgboro. Àwọn ilé iṣẹ́ tó kù àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, kásúà, òṣìṣẹ́ olówó ojúmọ́, ni wọ́n ń gbà jù. Kásúà kò ní ìsinmi. Aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni, tàbí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀. Bó bá yọ́ jáde fún wákàtí kan, owó ọjọ́ náà ti lọ, bó bá sì ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tó dúró sí ẹnu géètì láti ìdájí á wọlé dípò rẹ̀. Ẹ̀yin wá pe ìpàdé sí aago mẹ́wàá ọjọ́ Wẹ́sídeè.

Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà mìíràn. Lateef Jákàńdè ló fòpin sí ṣíìfùtì nílé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Èkó, kété lẹ́yìn tó di gómìnà ní 1979. Kó tó dé, àwọn ọmọ kan ń lọ láàárọ̀, àwọn kan ń lọ lọ́sàn-án, orí àga kan náà. Ó kọ́ yàrá ìkàwé rẹpẹtẹ. Àwọn kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé adìyẹ ni, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọlé jókòó láàárọ̀. Ṣíìfùtì kúrò nílé ìwé. Ti ilé iṣẹ́ kò lọ síbì kankan. Láti ìgbà náà ni aago ọmọ àti aago ìyá rẹ̀ ti pínyà ní àgbègbè wa.

Ìjọba Jákàńdè yìí kan náà ló bá wa wọ̀yá ìjà. Kó tó dé, ìjọba ti gba ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ ní àwọn ọdún 1970. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 1980, ìwé àṣẹ jáde pé láti oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kò gbọdọ̀ sí mọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Anthony Olúbùnmi Okogie àti àwọn mìíràn gba ilé ẹjọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn, àwọn adájọ́ sì ní ẹ̀tọ́ tí òfin orílẹ̀-èdè fún èèyàn láti sọ èrò rẹ̀ àti láti tan ìmọ̀ kálẹ̀ gba ẹni tó bá fẹ́ dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láàyè. Àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń dárúkọ ẹjọ́ Okogie títí di òní. Ní 2001, ìjọba Èkó dá àwọn ilé ẹ̀kọ́ padà fún àwọn ìjọ tó ni wọ́n, St. Gregory's àti Holy Child ní Ọbáléńdé wà nínú wọn, St. Finbarr's tí Fadá Slattery dá sílẹ̀ ní 1956 náà sì wà níbẹ̀. A jó, a yọ̀. Lójú tèmi, ìjà rere ni Okogie jà. Jákàńdè náà ní ohun tó ń rò: ọmọ tálákà ló ń rò, tí kò ríbi jókòó sí. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ padà dé ọwọ́ ìjọ, owó ilé ìwé náà bá a dé, ọ̀rọ̀ tálákà tí Jákàńdè ń sọ sì wá di ọ̀rọ̀ tiwa. Ìjọ ti gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó kù kó mọ ẹni tí òun gbà á fún.

Ohun tí ìjọ fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ kò fi àyè àwáwí sílẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1965, Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì gbé ìwé jáde lórí ẹ̀kọ́, wọ́n sì sọ níbẹ̀ pé òbí ni olùkọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ ní, òun náà ni olùkọ́ àgbà. Ìwé òfin ìjọ tí wọ́n gbé jáde ní 1983 lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin 796 ní kí òbí bá olùkọ́ fọwọ́ sowọ́ pọ̀, ó sì yí padà sí olùkọ́: kí olùkọ́ náà bá òbí ṣiṣẹ́, kí ó fi tinútinú gbọ́ tiwọn, kí a dá ẹgbẹ́ tàbí ìpàdé sílẹ̀ fún wọn, kí a sì kà á sí iyebíye. Mo ti ka òfin yìí fún olùkọ́ tó pọ̀. Ibi tí òbí ti gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan ni etí wọn máa ń là sí. Apá tó ní kí a gbọ́ tiwọn, ikọ́ a máa bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá.

Ohun kan wà tó yí ìṣe tiwa padà, kì í sì í ṣe òfin. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, ilé ìkó-ohun-ìjà-sí tó wà ní bàrékè ológun Ìkẹjà gbiná. Ẹni tó bá wà ní Èkó nígbà náà kò nílò kí n ṣàlàyé ìró yẹn. Àwọn èèyàn sá láìmọ ohun tí wọ́n ń sá fún. Nínú òkùnkùn, ọ̀pọ̀ wọn já sínú odò Òkè-Àfà ní Ìsọlọ̀. Àwọn tó kú lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Èyí tí kò kú fọ́n ká, ìyá gba ọ̀nà kan, ọmọ gba ọ̀nà mìíràn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí àgbàlá ìjọ àti ilé ẹ̀kọ́ wa. A kò pè wọ́n sí ìpàdé kankan. Àwọn bàbá tí n kò rí rí, tí orúkọ wọn nìkan la mọ̀ nínú ìwé gbèsè, dé pẹ̀lú aṣọ alẹ́ àná lọ́rùn. Bàbá ọlọ́dẹ wa mú ìwé kan, ó ń kọ orúkọ ọmọ tí ẹnikẹ́ni bá ti rí àti ibi tó wà. Nígbà tí mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án, mo rí i pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èyí tó wà lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí nínú àwọn ọmọ tí wọ́n rí. Ọ̀dọ̀ ìyá oníwàrà ni wọ́n ti bá ọ̀kan. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún rédíò ṣe. Onílé kan kó ọmọ ayálégbé rẹ̀ mẹ́ta sá dé Ìjú. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn èèyàn wọ̀nyí nínú fáìlì wa. Gbogbo fọ́ọ̀mù tí a ní, orúkọ bàbá, orúkọ ìyá, iṣẹ́ wọn, ìjọ wọn, àdírẹ́sì, kò wúlò fún ohunkóhun lọ́jọ́ náà.

Láti sáà tó tẹ̀lé e, mo ní kí wọ́n fi ìlà kan kún fọ́ọ̀mù: ta ni ń jí ọmọ yìí láàárọ̀, ta ni ń rí i bó bá ti ilé ìwé dé? Àwọn kan bínú. Wọ́n rò pé a fẹ́ mọ àṣírí ilé wọn ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó dáhùn, wọ́n kọ ohun tó jẹ́ òótọ́. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní JSS 2." "Ìyá onílé." "Mègádí." "Ó máa ń dá jí." Mo rántí èyí tí ìyá kan kọ pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà: "Èmi ni, ṣùgbọ́n lórí fóònù."

Bí a ṣe mọ ìyá télọ̀ kan ní Oko Ọba nìyẹn. Mùsùlùmí ni, kò ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́ wa, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ jáde nínú fọ́ọ̀mù ọmọ mẹ́rin tí òbí wọn kò mọ ara wọn rí. Ibi ìránṣọ rẹ̀ ni wọ́n máa ń já sí. Á fún wọn ní omi, á ní kí wọ́n bọ́ yúnifọ́ọ̀mù, á lé wọn jókòó sídìí ìwé. Òun fúnra rẹ̀ kò ka ìwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí olùkọ́ kíláàsì kò mọ̀. Òun ló sọ fún mi pé ọ̀kan nínú wọn kì í kàwé rárá, pé ńṣe ló máa ń há ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá kà sórí. "Màmá," ló wí, "bí mo bá yí ojú ewé padà lójijì, ẹnu rẹ̀ á ṣì máa ka ti àkọ́kọ́." Ọmọ náà ti fi ọgbọ́n yẹn gba kíláàsì mẹ́ta kọjá.

Mo pè é sí ìpàdé òbí. Ó wá, ó wọ ìborùn funfun, ó jókòó sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ dìde, ó ní òun fẹ́ mọ ọmọ ẹni tí ìyá yìí ń ṣojú fún, torí pé ẹni tí kì í san ìdáwó kò lóhùn nínú ẹgbẹ́. Ilé pa rọ́rọ́. Obìnrin náà kò dìde. Ó ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Àwọn ọmọ tí ẹ̀yin àti àwọn òbí wọn ń wá ní aago mẹ́rin, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà." Ó tó ọdún kan kí ẹgbẹ́ tó gbà pé alágbàtọ́ kì í ṣe ẹni tó ń san owó nìkan. Àwọn kan kò gbà títí tí mo fi kúrò.

Ọ̀rọ̀ ìdáwó yẹn náà kò kéré. Ìdí kejì tí òbí fi ń sá fún ìpàdé, ìtìjú gbèsè ni, àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kì í sì í fẹ́ gbọ́ ọ. Bí bọ́sà bá máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn pẹ̀lú ìwé, tó ń wo ojú ẹni tó ń wọlé, ta ni tó jẹ owó sáà méjì tó máa gba iwájú rẹ̀ kọjá nítorí àti gbọ́ bí ọmọ òun ṣe ń ṣe nínú ìṣirò? A fòfin dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ owó ní ìpàdé àkọ́kọ́ nínú sáà kọ̀ọ̀kan. Akápò bá mi jà, ó ní báwo la ṣe máa tún òrùlé ṣe. Mo ní kó kọ lẹ́tà. Àwọn tó wá sí ìpàdé aláìlówó yẹn pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ, ìjókòó ò sì tó.

Ọjọ́ wo la wá ń ṣe é? Èyí nìkan tó ogun. Ìgbìmọ̀ ìjọ fẹ́ kó jẹ́ lẹ́yìn Mísà kejì lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí gbogbo ará bá ti pé. Ṣùgbọ́n Agége nìyí: Mùsùlùmí pọ̀ nínú àwọn òbí wa, àwọn onígbàgbọ́ ìjọ mìíràn náà sì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn títí di ọ̀sán. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó ka ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ní 2010 sí 2011, 12,098 ni wọ́n rí. Òbí tó bá bá gbogbo ìyẹn kọjá tó wá mú ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Káfáyá wá fún sístà láti kọ́, ó ti yàn wá ní tòótọ́. Kò yẹ kí a ṣe ìpàdé rẹ̀ bí ẹni pé ó yẹ kó ti wà ní Mísà. Ọjọ́ ìmọ́tótó ló gbà wá. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, láti aago méje sí mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rìn ní Èkó. Gbogbo ayé wà nílé, wọ́n ń gbálẹ̀ gọ́tà. Bí aago mẹ́wàá bá ti lù báyìí, a ti ń pè wọ́n wọlé, àwọn mìíràn mú ọkọ́ àti ìgbálẹ̀ dání. Kò sí ìgbà tí a rí èrò tó bẹ́ẹ̀ rí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ìjọba fagi lé ìséra-mọ́lé náà. Mo mọ̀ pé ó ń ni àwọn èèyàn lára, wọ́n sì ti gba ilé ẹjọ́ lọ nítorí rẹ̀. Síbẹ̀, ó dùn mí. Èmi nìkan ni mo rí tó ń ṣọ̀fọ̀ sanitéṣọ̀n.

Kò sí ọjọ́ tó dà bíi rẹ̀ mọ́. A bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sẹ́nu géètì dípò rẹ̀: olùkọ́ méjì láàárọ̀ láti aago mẹ́fà ààbọ̀, nígbà tí àwọn tó ń bọ̀ láti iṣẹ́ òru bá ń sin ọmọ wọn wá lójú ọ̀nà ilé. Ìṣẹ́jú méjì péré ni ìjíròrò náà, ojú òbí á sì ti pọ́n fún oorun, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́. Mo máa ń sọ fún àwọn olùkọ́ pé kí wọ́n má ṣe fi ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun rere kan tí ọmọ náà ṣe. Ìyá tó ti to páálí bisikíìtì láti àṣálẹ́ mọ́jú kò lágbára láti gbọ́ pé ọmọ òun ń rojọ́ nínú kíláàsì.

Àwọn olùkọ́ náà kùn, wọn kò sì ṣẹ̀. Òbí ni àwọn náà. Ẹni tó bá gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu géètì ní aago mẹ́fà ààbọ̀, ta ló bá a jí ọmọ tirẹ̀? Owó oṣù olùkọ́ nílé ẹ̀kọ́ ìjọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sọ sókè. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìdílé àti ilé ẹ̀kọ́ tí kò ka ìdílé olùkọ́ mọ́ ọn, ìdajì ọ̀rọ̀ ló ń sọ. A pín ọjọ́ géètì yíká, ẹni tó bá ní ọmọ kékeré kò sí nínú rẹ̀. N kò rí ọ̀nà mìíràn tó dára ju ìyẹn lọ.

Kòrónà ló wá fi ohun tí mo ti ń sọ hàn kedere. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní Èkó. A gbé ẹ̀kọ́ sórí WhatsApp. Fóònù kan ṣoṣo ló wà nínú ọ̀pọ̀ ilé, ó sì ń bá bàbá lọ síbi iṣẹ́, torí pé àwọn ilé iṣẹ́ oúnjẹ àti ti oògùn kò tì. Àwọn ọmọ ń rí iṣẹ́ wọn ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Olùkọ́ kan dá a lábàá pé ká má kọ̀wé mọ́, ká máa fi ohùn ránṣẹ́, ní Yorùbá àti ní pìjín. Ìgbà yẹn ni àwọn tí kì í wá sí ìpàdé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo máa ń jí láàárọ̀ bá ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní aago méjì òru, ẹ̀rọ ń kùn lẹ́yìn wọn: "Ẹ jọ̀ọ́ Ańtí, ìdá mẹ́ta yẹn, ṣé ìsàlẹ̀ la ti ń pín in ni àbí òkè?" Bàbá kan tí n kò rí rí, tí olùkọ́ mẹ́ta ti sọ pé kò rí ti ọmọ rẹ̀ rò, fi ohùn ránṣẹ́ tó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó ń ka iṣẹ́ ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wá ní ibi tó ti ṣì í.

Kì í ṣe pé gbogbo òbí ló dára. Mo mọ àwọn tó da ọmọ nù lóòótọ́, mo sì mọ àwọn tó fi iṣẹ́ bojú. Ọ̀rọ̀ àwọn bàbá sì ṣòro fún wa títí dé òpin: ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ á se oúnjẹ ọjọ́ Kọmúníọ̀nù àkọ́kọ́, àwọn ìyá Mùsùlùmí á bá wọn gún iyán, àwọn bàbá á sì dé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n irú òbí aláìbìkítà yìí kò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń sọ ní yàrá olùkọ́, ọ̀nà tí a gbà ń kà wọ́n kò sì jẹ́ ká lè yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ti rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ géètì ló wà nílẹ̀ báyìí. Owó ilé ti lé àwọn òṣìṣẹ́ kúrò ní Agége lọ sí Ìjú àti sí ìwájú rẹ̀, àti láti ìgbà tí ọkọ̀ ojúirin Red Line ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2024, àwọn ọmọ wa kan ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Ọ̀gá tuntun fẹ́ kí wọ́n máa ti géètì ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, kí ẹni tó bá pẹ́ padà sílé. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ tí kò mọ àkókò kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́, mo sì gbà fún un. Mo kàn bi í léèrè pé nínú àwọn tó ń pẹ́, mélòó ni ìyá wọn ń jáde níbi iṣẹ́ òru ní aago mẹ́fà, tí yóò wọ ọkọ̀ kórópe dé ilé, tí yóò wẹ ọmọ, tí yóò tún mú un dé ọ̀dọ̀ wọn? Ó ní òun kò tíì kà wọ́n. Mo ní kó kọ́kọ́ kà wọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ti ń kà wọ́n. Ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ máa jókòó lórí rẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, wọ́n sì ti ní kí n wá.